Ẹ Pè É Lórúkọ Rẹ̀: Ogun Ni Òfin Má-fò

Ó ti sú wa. Ìgbàkígbà tí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, tí a bá kó ara wa jọ níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí tí ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn bá pe ìpàdé, ẹnì kan á dìde, á ní kí wọ́n ṣáà fi no-fly zone lé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Á sọ ọ́ bí ẹni ní kí wọ́n gbé igi dábùú títì. Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kò sí ọmọ ogun tí yóò tẹ ilẹ̀ onílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò yìnbọn, bàálù àwọn ìkà kàn ní lè fò mọ́ ni, àwọn aláìṣẹ̀ á sì sùn.

Irọ́ ni. A ò pe àwọn tó ń sọ ọ́ ní òpùrọ́ o. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ la ní ó ń parọ́. Ohun tí a óò máa pè ní òfin má-fò níhìn-ín kì í fi òfin bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tí bọ́ǹbù náà sì máa ń kọ́kọ́ bá kì í ṣe awakọ̀ bàálù kankan. Àwọn tó jókòó sí ìdí rédà ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí pé àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kì í sábà bèèrè. Orílẹ̀-èdè tó bá ń ṣọ́ ojú òfurufú rẹ̀ máa ń ní rédà tí ń wo ọ̀nà jíjìn, rédà mìíràn tí ń tọ́ mísáìlì sọ́nà, àti mísáìlì fúnra rẹ̀. Rédà kò ní ojú bíi tiwa. Ìgbì rédíò ló ń jù síta, á wá máa retí kí ìgbì náà kọlu nǹkan kó sì padà wá. Ẹ fi wé ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì nínú igbó lóru: ó ń ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú igbó náà ti rí òun náà. Ibẹ̀ ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1965, mísáìlì tí Soviet ṣe já bàálù F-4 wọn kan lulẹ̀ ní Vietnam, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ogun yẹn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wild Weasel. Iṣẹ́ ikọ̀ náà ni kí wọ́n fi ara wọn ṣe ìjẹ: kí wọ́n fò lọ sí ibi tí mísáìlì wà, kí rédà tanná sí wọn, kí wọ́n sì tọ iná náà dé ibi tó ti ń jáde. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún Jack Donovan, ọ̀kan nínú àwọn tí yóò jókòó sẹ́yìn awakọ̀, èsì tó fún wọn kò ṣeé kọ síbi tí àwọn òbí wa lè kà á. Lẹ́tà àkọ́kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ inú èsì náà ni àwọn ikọ̀ yẹn rán mọ́ aṣọ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ibùdó mísáìlì kan fọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé mísáìlì tó lè tẹ̀lé ìgbì rédà fúnra rẹ̀ dé: Shrike ló kọ́kọ́ wà, HARM sì dé nígbà tó yá.

Ẹ wá ro ti ẹni tó wà nídìí rédà náà wò. Ó lè jẹ́ ojúgbà wa gan-an, ọmọ ọdún 21 tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá tan rédà, wọ́n á pa á. Bí ó bá pa rédà, ó ti fọ́jú nìyẹn, bàálù á kọjá lórí rẹ̀ lọ ju bọ́ǹbù síbi tó wù wọ́n. Èyí tó wù kó mú nínú méjèèjì, àwọn tó wá ti rí ohun tí wọ́n wá ṣe.

Iṣẹ́ náà kì í sì í mọ́ tónítóní tó bí wọ́n ṣe máa ń fi hàn nínú fíìmù. Ní ọdún 1999 tí NATO fi ọjọ́ 78 ju bọ́ǹbù sí Yugoslavia, àwọn ọmọ ogun Serbia kọ́ bí a ṣe ń tan rédà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, kí wọ́n pa á, kí wọ́n kó ẹrù lọ síbòmíràn. Ikọ̀ Zoltán Dani ló já F-117 lulẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, bàálù tí wọ́n ti ń yangàn pé rédà ò lè rí, mísáìlì tí wọ́n sì fi já a jẹ́ irú èyí tó ti wà láti àwọn ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ ìtàn yẹn, torí ó dùn. Èyí tí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kì í sọ ni ti Gorna Banya. Mísáìlì tí ń tẹ̀lé ìgbì rédà, kí ló máa ń tẹ̀lé bí ìgbì náà bá dédé pa? Ní òpin oṣù Kẹrin ọdún yẹn, HARM kan tí wọ́n yìn sí rédà Yugoslavia ṣìnà, ó ré kọjá ààlà, ó lọ já sórí ilé kan ní Gorna Banya, àdúgbò kan ní Sofia tó jẹ́ olú-ìlú Bulgaria. Bulgaria kò bá ẹnikẹ́ni jà. Orí ló kó àwọn ará ilé náà yọ, kò sẹ́ni tó kú.

Ti Iraq kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n fi òfin má-fò lé apá àríwá rẹ̀ ní 1991, wọ́n fi lé apá gúúsù ní 1992, títí di 2003 ni wọ́n sì ń ju bọ́ǹbù sí rédà àti ibùdó mísáìlì níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ òfin náà tún fi ọwọ́ ara wọn já hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà méjì lulẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1994, ènìyàn 26 ló bá a lọ.

Ṣùgbọ́n Libya ni ọ̀rọ̀ wa gan-an, nítorí ọwọ́ Nàìjíríà wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ èyí ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lọ́gbà ní oṣù Kẹta 2011, ẹ máa rántí: ìbò oṣù Kẹrin ló gba gbogbo ẹnu, ta ló ráyè Libya? Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò UN dìbò lórí ìpinnu 1973, èyí tó fi òfin má-fò lé Libya. Àwọn mẹ́wàá dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn márùn-ún fọwọ́ lẹ́rán: Brazil, China, Jámánì, Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́ta ló wà lórí ìjókòó náà, Nàìjíríà, South Africa àti Gabon, gbogbo wọn ló sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fara balẹ̀ ka ìṣirò yìí. Ìbò mẹ́sàn-án ni ìpinnu nílò kó tó lè dúró. Bí méjì péré nínú àwọn mẹ́ta yẹn bá fọwọ́ lẹ́rán bí Jámánì ti ṣe, ìbò mẹ́jọ ló máa kù, ìpinnu ti ṣubú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún wa pé àwọn Òyìnbó ló lọ bọ́ǹbù Libya, pé Áfíríkà kàn ń wòran ni. Ọwọ́ Áfíríkà ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kan náà, Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò ti AU, tí Nàìjíríà jókòó nínú rẹ̀, ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ kí ológun ilẹ̀ òkèèrè kankan dá sí ọ̀rọ̀ Libya, lọ́nà yòówù kó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, a lọ dìbò fún un ní New York. Àwọn ààrẹ tí AU yàn láti lọ là wọ́n níjà ṣì wà ní Nouakchott, tí wọ́n ń múra láti wọ Libya, nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Àwọn kan máa ń gbèjà Abuja pé aṣojú wa kò mọ̀ pé ibi tí yóò já sí nìyẹn. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ti Libya yìí, ẹni tó máa ju òkò ló kéde rẹ̀ ní gbangba. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, Robert Gates tó jẹ́ alákòóso ètò ààbò Amẹ́ríkà jókòó níwájú àwọn aṣòfin wọn, ó sì sọ fún wọn láìfi bò pé kíkọlu Libya láti fọ́ ohun ìjà tí ń ṣọ́ òfurufú rẹ̀ ni òfin má-fò á fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 15 ṣáájú ìbò nìyẹn. Gbogbo ayé gbọ́. Àfi kí aṣojú wa má gbọ́ ìròyìn?

Ẹ lọ ka ìpinnu náà fúnra yín. Ìpínrọ̀ kẹfà ló ka bàálù léèwọ̀, ìkẹjọ ló fún àwọn orílẹ̀-èdè láyè láti lo gbogbo ọ̀nà tó bá yẹ láti mú òfin ṣẹ. Ẹ ò ní rí rédà níbẹ̀, ẹ ò ní rí mísáìlì. Inú "gbogbo ọ̀nà tó bá yẹ" ni gbogbo wọn sápamọ́ sí. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, mísáìlì Tomahawk tó lé ní 110 tú jáde láti inú ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà àti ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì kan. Ibùdó rédà, ibùdó mísáìlì àti ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún wọn ni wọ́n lọ bá, ibi tó lé ní 20. Bàálù B-2 mẹ́ta fò wá láti Missouri, wọ́n ju bọ́ǹbù 45 sí pápákọ̀ òfurufú ogun kan, wọ́n padà sílé. Àwọn tó kú nídìí rédà wọ̀nyẹn ńkọ́? Wọn kò yìnbọn sí ará Benghazi kankan. Òkè ni wọ́n ń wò.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Benghazi ńkọ́? Gaddafi ti búra lórí tẹlifíṣàn pé ojúlé dé ojúlé lòun yóò ti wá àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ti dé etí ìlú. Ṣé kí ayé káwọ́ gbera ni? Ìbéèrè gidi nìyí, a kò ní fò ó. A kò gbé fún Gaddafi. Ó lo ọdún 41 lórí oyè, ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ní oṣù Kẹta 2010 ló sì tún ní kí wọ́n pín Nàìjíríà sí méjì, títí ìjọba wa fi pe aṣojú rẹ̀ padà sílé láti Tripoli. (A ò fẹ́ gbà pé ìbínú yẹn ni Abuja gbé lọ síbi ìbò.) Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí ló dá ọkọ̀ ogun Gaddafi dúró lẹ́nu ọ̀nà Benghazi? Bàálù Rafale àwọn ará Faransé ni, ní ọ̀sán ọjọ́ 19, kí ẹyọ Tomahawk kan tó kúrò nínú omi. Wọ́n fò wá, wọ́n jó ọkọ̀ náà, wọ́n lọ. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá wọn fọ́ rédà. Ó túmọ̀ sí pé ohun tó gba Benghazi là yàtọ̀ sí ohun tó fọ́ ojú òfurufú Libya láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀kan jẹ́ ìdáàbòbò. Èkejì jẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ṣe oṣù méje tó tẹ̀lé e. Nígbà tí kò sí ohunkóhun tó lè já bàálù lulẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó tún nílò láti bèèrè ibi tí ààbò aláìṣẹ̀ parí sí àti ibi tí lílé ọba kúrò lórí oyè ti bẹ̀rẹ̀. Tripoli kì í ṣe Benghazi, Sirte kì í ṣe Benghazi, wọ́n bọ́ǹbù gbogbo rẹ̀. Human Rights Watch lọ ṣèwádìí lẹ́yìn ogun, wọ́n ní ó kéré tán aráàlú 72 ni bọ́ǹbù NATO pa níbi mẹ́jọ tí àwọn yẹ̀ wò. 34 nínú wọn kú ní abúlé Majer ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, bàálù NATO kọlu ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí Gaddafi wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń sá kúrò ní Sirte, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì parí ìyókù. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì kọ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2016 pé ìjọba àwọn bu iyọ̀ sí ewu tó dojú kọ aráàlú, àti pé iṣẹ́ ìdáàbòbò ti yí padà di lílé ìjọba kúrò. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Tiwa kò jókòó.

Ohun kan tún wà tó máa ń bí wa nínú. Àwọn mísáìlì ńlá tí wọ́n fọ́ yẹn, S-200 àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ṣeé gbé sá. Ọkọ̀ ńláńlá ló ń fà wọ́n, rédà ló ń darí wọn. Ṣùgbọ́n Gaddafi tún ní mísáìlì kékeré tí ẹnì kan lè gbé kọ́ èjìká kó sì yìn. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣírò pé nǹkan bí 20,000 ló ti kó jọ. Ìyẹn kì í lo rédà. Ooru ẹ́ńjìnnì bàálù ló ń tẹ̀lé. HARM kò lè rí i, Tomahawk kò mọ ibi tí wọ́n kó o sí. Wọ́n wá fọ́ èyí tí kò lè rìn, èyí tó lè rìn rìn lọ, òun àti ìbọn àti ọta tó kún ilé ìkóhun-ìjà tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ mọ́. Ní oṣù Kìíní 2012, àwọn Tuareg tó ti bá Gaddafi jagun ti padà dé àríwá Mali pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n dìde. Kí oṣù Kẹta tó parí, ìjọba Bamako ti ṣubú.

Ilé wa nìkan ló kù. Ní oṣù Kẹrin 2018, Ààrẹ Buhari sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ní London pé àwọn tó ń pa àgbẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ àwọn tí Gaddafi kọ́ ní ìjà tó sì fún ní ìbọn, tí wọ́n tú káàkiri lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀ fún un. Ta ló wá dìbò? Kò sí ààrẹ tó dárúkọ Libya bí ẹ̀bi tó sì dárúkọ ọjọ́ 17 oṣù Kẹta mọ́ ọn. Libya ni wọ́n máa ń sọ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ìjì tó jà, bí ẹni pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ni bàálù mọ ohun tí òfin má-fò jẹ́ dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ukraine ń sá gba ààlà Poland, Zelensky bẹ NATO pé kí wọ́n fi òfin má-fò lé òfurufú òun. Wọ́n kọ̀. Stoltenberg tó jẹ́ olórí wọn ṣàlàyé pé ọ̀nà kan ṣoṣo láti mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ ni kí bàálù NATO wọ ibẹ̀ kó máa já ti Rọ́ṣíà lulẹ̀, ìyẹn sì lè di ogun ńlá ní Yúróòpù. Ó sọ òótọ́. Kí ló dé tí òótọ́ yẹn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní New York ní 2011? Nítorí pé Rọ́ṣíà lè gbẹ̀san, Libya kò lè gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni. Ó jẹ́ ogun níbi tí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù bá lágbára, ó jẹ́ òfin níbi tí kò bá lágbára.

Àwa náà ò sì yàtọ̀. Nígbà tí ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ECOWAS fi òfin má-fò lé bàálù èrò tó ń lọ síbẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀. Bàálù èrò nìkan ló kàn, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rántí ohun tí a ń kà lórí fóònù wa lọ́sẹ̀ yẹn? Àwọn ọmọ kíláàsì wa ló ń kọ ọ́ pé kí Super Tucano tẹ̀ síwájú, kí wọ́n lọ fọ́ pápákọ̀ òfurufú Niamey, kí ọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ń fi àwòrán ẹlẹ́yà tẹ̀ lé e. Ilé aṣòfin àgbà ló sọ fún Ààrẹ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ pé kó wá ọ̀nà mìíràn. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ yin àwọn sẹ́nétọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, àwọn ló gbọ́n jù wá lọ.

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe eré UN nínú ọgbà, ẹni tó bá tún dìde pé kí wọ́n fi òfin má-fò lé ibì kan, ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ iye ibùdó rédà tó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n wà sí àárín ìlú, àti ẹni tó máa lọ pa àwọn tó wà nínú wọn. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó jókòó. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti wọ iṣẹ́ ìjọba, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tiyín yàtọ̀. Nàìjíríà ń wá ìjókòó tí kò ní kúrò mọ́ nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò UN. Kí wọ́n tó fún wa níbẹ̀, ẹ gbé àlàyé ìbò 2011 síta: ta ló pàṣẹ rẹ̀, ta ni wọ́n bá gbìmọ̀, kí ló sì yí ọkàn Abuja padà láàárín ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 17 oṣù Kẹta. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a óò gbé e síbí láìyọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú rẹ̀.